Ọgbà Tí Ẹsẹ̀ Kò Gbọ́dọ̀ Tẹ̀

Irú ìwà òpònú kan wà tí ènìyàn kò lè hù láìjẹ́ pé ó wọ kóòtù. Ẹni tó wọ bùbá lásán kò lè hù ú, nítorí pé bó bá gbìyànjú ẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ á dá a dúró kó tó jáde. Ṣùgbọ́n gbé kóòtù wọ̀ ọ́, fún un ní ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, kí o sì pè é ní ọ̀gá ètò ìlú. Ìwà òpònú náà á di iṣẹ́ ìjọba, wọ́n á sì máa sanwó oṣù lé e lórí. Mi ò ka èyí nínú ìwé. Agbassa, ní ìlú Warri, ni mo ti rí i, lẹ́yìn ilé wa, pẹ̀lú ojú mi méjèèjì.

Ilé olọ́pọ̀ yàrá ni ilé wa, tí ilẹ̀kùn dojú kọ ilẹ̀kùn, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan sì gba àárín wọn kọjá. Bàbá mi gba yàrá níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ti ìhà Ọ̀yọ́ dé Warri láti wá ta abọ́ tánganran. Ibẹ̀ ni wọ́n bí wa sí, ibẹ̀ náà ni mo sì padà sí láti tọ́jú Bàbá lẹ́yìn tí màmá wa kú. Èmi náà ń tajà. Deco Road ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, rọ́bà ni mo sì ń tà: bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, àga ìjókòó. Kò sẹ́ni tó ń béèrè tánganran mọ́.

Ẹ̀yìn ilé yẹn ni pápá wà. Kò sẹ́ni tó ṣètò rẹ̀, síbẹ̀ ètò wà níbẹ̀. Láàárọ̀, àwọn àgbàlagbà á jáde wá na ẹsẹ̀. Tí oòrùn bá mú, àwọn obìnrin á sá aṣọ sí apá kan, mẹkáníìkì á tú mọ́tò sí apá kejì. Nírọ̀lẹ́, bọ́ọ̀lù ló ni gbogbo rẹ̀. Igi ńlá kan wà láàárín, èyí tí àwọn ará Warri ń pè ní ebelebo, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àwo, òjìji rẹ̀ sì tutù débi pé àwọn tó ń jà nílé máa ń wá jókòó síbẹ̀ kí inú wọn lè rọ̀. Lásìkò òjò, omi á gba ìdajì pápá náà, a ó kàn sún sí ìdajì kejì. Ẹnikẹ́ni kò kọ ìwé sí ìjọba nítorí rẹ̀.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Bàbá, apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì ló mú. Obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn ní ọsibítù kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ó ní oògùn tí wọ́n kọ fún wọn dára, ṣùgbọ́n ìrìn gan-an loògùn. Kí Bàbá máa rìn láàárọ̀, kí wọ́n máa rìn nírọ̀lẹ́, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí wọ́n má sì pa ọjọ́ kan jẹ. Ó ní ẹsẹ̀ tí a bá jẹ́ kó jókòó lásìkò yìí, ó lè jókòó títí ayé. Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó dì mí lápá mú kó lè dá a lójú pé mo gbọ́.

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ibo ni ilẹ̀ tó tẹ́jú wà ní Agbassa? Ojú títì wa, bí ènìyàn kò bá máa fo gọ́tà, á máa yà fún kẹ̀kẹ́, bí kò bá sì yà fún kẹ̀kẹ́, á máa wá ibi tí yóò tẹ̀ láàárín kòtò. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ méjì pípé gan-an, Ọlọ́run ló ń kó o yọ níbẹ̀. Pápá nìkan ló kù.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, tí ilẹ̀ bá ti mọ́ díẹ̀, Bàbá á mú ọ̀pá, èmi á di ẹ̀yìn bùbá wọn mú, a ó sì máa yí pápá náà ká. Níbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì yẹn kàn ń wọ́ nílẹ̀ ni, ó ń fa ìlà sínú iyanrìn.  Bàbá á máa ṣe làìláà lábẹ́lẹ̀, òógùn á máa dà lójú wọn, èmi náà á máa làágùn bí ẹni pé èmi ni mo ń rìn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ti Deco Road dé, a tún padà lọ. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù á ti wà níbẹ̀, ariwo wọn á ti gbòde. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti rí wa, ẹnì kan á kígbe pé, "Baba dey pass," bọ́ọ̀lù á sì dúró lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú rẹ̀, gbogbo wọn á dúró títí Bàbá á fi gba iwájú góòlù kọjá. Ìgbìmọ̀ kankan kò jókòó kí òfin yìí tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá á ṣàdúrà fún wọn lédè Yorùbá. Àwọn tó gbọ́ nínú wọn á ṣe àmín, àwọn tí kò gbọ́ náà á ṣe àmín.

Díẹ̀díẹ̀ ni ìlà inú iyanrìn yẹn ń kúrú. Ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ara rẹ̀ sókè. Nígbà tó yá, Bàbá ní kí n fi bùbá àwọn sílẹ̀, wọ́n sì dá rìn láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wa dé ìdí igi ebelebo, wọ́n fọwọ́ kan igi náà, wọ́n wẹ̀yìn wò mí. Ayọ̀ tó bá mi lọ́jọ́ yẹn, mo sunkún rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin ọsibítù náà ní bí wọ́n bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ju ọ̀pá nù.

Àsìkò yẹn ni ìjọba ìbílẹ̀ rántí wa.

Nígbà tí ìròyìn kọ́kọ́ dé pé wọ́n fẹ́ fi pápá náà ṣe páàkì, ẹ̀rù ba gbogbo àdúgbò, nítorí páàkì tí àwa mọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò. Wọ́n ránṣẹ́ pé rárá, ọgbà ìgbafẹ́ ni, ibi tí ará ìlú á ti máa najú. Wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, kí àwa tí ọ̀rọ̀ kàn lè wá sọ ohun tí a fẹ́. Bàbá ní àwọn fẹ́ lọ. Mo ti lọ sí ìpàdé ìjọba rí, nítorí náà mo jẹun yó kí a tó jáde.

Àwọn tó jókòó sídìí tábìlì iwájú pọ̀ tó àwa tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n gbàdúrà onígbàgbọ́, wọ́n gbàdúrà mùsùlùmí, wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè. Wọ́n wá ń pe orúkọ ara wọn àti oyè ara wọn, ẹni tí wọ́n bá pè á dìde, á gbọ́wọ́ sókè, á rẹ́rìn-ín sí wa bí ẹni tó ṣe wá lóore. Ẹnu dùn-ún-ròfọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa pe ara wọn tán, àwọn arúgbó kan ti sùn. Àwa náà kò kúkú sàn jù wọ́n lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì, àwọn ará àdúgbò ti ń jìjàdù ipò alága ìgbìmọ̀ ọgbà, igbákejì alága, akọ̀wé, àti ẹni tí yóò máa rí sí ìwà ọmọlúàbí nínú ọgbà. Ẹni tí wọ́n yàn sípò ìwà ọmọlúàbí ni ẹni tó lu ìyàwó rẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ọ̀gá ètò ìlú wá dìde. Ọ̀dọ́kùnrin gíga ni, kóòtù rẹ̀ dúdú, ó bá a lára mu. Ó fi àwòrán hàn wá lára ògiri. Òyìnbó ló kún inú àwòrán náà. Ọ̀kan ń fa ajá, ọ̀kan jókòó sórí àga gígùn ń kàwé, ewé pupa sì ń já bọ́ lórí igi bí irú èyí tí a kò rí rí nílẹ̀ wa. Ẹnì kan lẹ́yìn béèrè bóyá Agbassa nìyẹn. Ọ̀gá náà ní àpẹẹrẹ lásán ni, ó sì tẹ̀síwájú.

Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó lọ́rọ̀ sọ ọ́, Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n fẹ̀yìn ti àga. Èmi ni mo ń tú ọ̀rọ̀ wọn sí Pidgin. Bàbá kò bẹ ìjọba fún ohun púpọ̀. Wọ́n ní kí ìjọba bá àwọn ṣe ọ̀nà kan tó tẹ́jú yí pápá náà ká, kí ẹni tí ara rẹ̀ kò dá lè máa rìn níbẹ̀. Wọ́n tún ní kí àwọn òṣìṣẹ́ fi apá kan sílẹ̀ tí wọ́n bá ń kọ́ ọ, nítorí pé ẹsẹ̀ àwọn kò lè dúró de iṣẹ́. Ọ̀gá ètò ìlú mi orí, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní, "Baba, e don enter plan." Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún un. Lójú ọ̀nà, wọ́n ní ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo kàn di bùbá wọn mú, a ń lọ.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ni ògiri. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí níṣẹ́, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ fún ọ, wọ́n á kọ́kọ́ mọ ògiri yí i ká kí o má baà fọwọ́ kàn án. Ògiri náà ga ju orí mi lọ. Wọ́n fi géètì onírin sí i, wọ́n kùn ún láwọ̀ ewé, wọ́n fi àgádágodo tì í. Apá kan tí Bàbá ní kí wọ́n fi sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n kó iyanrìn sí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé igi ebelebo. Mo wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n gé e, ariwo ayùn wọ inú egungun mi. Mo sáré jáde lọ bá ẹni tó ń darí iṣẹ́, mo bi í pé kí ni igi náà ṣe. Ó ní kò sí nínú àwòrán. Pé igi wà lórí ilẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti fa gbòǹgbò rẹ̀ tu, wọ́n wá fi kọnkéré ṣe agboòrùn ńlá kan, wọ́n kùn ún ní pupa àti funfun, kí àwọn ará ìlú lè rí òjìji jókòó sí. Tí oòrùn bá pa kọnkéré náà, ó máa ń gbóná bí ẹ̀yìn ààrò. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ni Bàbá ti ń rìn. Ẹ wo arúgbó tí ń rìn láàárín sítóòfù àti bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, tí àwọn ará ilé ń gbé ìkòkò kúrò lọ́nà fún un, tó bá sì ti rìn díẹ̀, ó ti dé ògiri, ó di dandan kó yí padà. Ibi yíyí yẹn ló ń dá ẹsẹ̀ òsì láàmú jù. Lọ́jọ́ Àìkú, tí mi ò bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń háyà mọ́tò gbé Bàbá lọ sí Aladja, sílé ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ilẹ̀ gbalasa níwájú ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn gbò wọ́n jìgìjìgì débi pé ẹsẹ̀ á ti wú kí a tó débẹ̀. Bàbá ní kí n ní sùúrù, iṣẹ́ náà ò ní pẹ́ parí.

Ó sì parí lóòótọ́. N kò ní purọ́ mọ́ wọn, ó dára. Mo rí i láti ojú fèrèsé ẹni tó ń gbé lókè ilé kejì. Ọ̀nà ìrìn yí gbogbo ọgbà náà ká, wọ́n fi bíríkì íńtálọ́ọ̀kì tò ó, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí ibi tó yọ gọngọ. Wọ́n tiẹ̀ fi irin tí ènìyàn lè dì mú sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ṣe àga gígùn síbẹ̀ fún ẹni tó bá rẹ̀. Ohun tí Bàbá béèrè gan-an ni, ó tún ju bí wọ́n ṣe béèrè ẹ̀ lọ. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ fún wọn, Bàbá ní kí n bá àwọn mú ọ̀pá.

Ọlọ́dẹ kan ló jókòó lẹ́nu géètì. Ó kí Bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó tiẹ̀ dìde. Ó ní, "Baba, dem never commission am."

Mo bi í pé kí ló túmọ̀ sí. Ó ní gómìnà ni alága ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ kó wá ṣí i, òun ni yóò gé rìbọ́ọ̀nù, òun ni yóò sì ká aṣọ funfun kúrò lójú òkúta tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọlé títí ọjọ́ náà fi máa dé. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni. Ó ní wọn kò tíì mú ọjọ́.

Nínú gbogbo ọlọ́dẹ tó wà ní Warri, èyí tí kì í gba ẹ̀gúnjẹ ni Ọlọ́run gbé sẹ́nu ọ̀nà wa. Mo gbìyànjú. Ó bẹ̀ mí pé kí n má fi oúnjẹ ọmọ òun ṣeré, pé tí wọ́n bá rí ẹrẹ̀ lórí bíríkì kan, òun ni wọ́n á lé. Àràárọ̀ ló ń gbá ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rìn. Àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù kò tiẹ̀ bi í léèrè. Tí ọlọ́dẹ bá ti lọ jẹun nírọ̀lẹ́, wọ́n á fo ògiri, wọ́n á gbá tiwọn, wọ́n á fo ògiri padà. Ẹni tó lẹ́sẹ̀ ń wọlé. Ẹni tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe ọ̀nà ló wà níta, tó ń wo géètì.

Mo múra, mo lọ bá ọ̀gá ètò ìlú ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó rántí mi, ó rántí Bàbá, ó béèrè àlàáfíà wọn. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ obìnrin ọsibítù fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní a ò fẹ́ ju àárọ̀ kùtù lọ, kí ó kàn sọ fún ọlọ́dẹ kó ṣí géètì fún ẹnì kan ṣoṣo tó ń fi ọ̀pá rìn. Ó gbọ́ mi dé òpin, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé àánú ṣe é. Ó wá ní, "Madam, if leg don march am, e no be new thing again. Na new thing governor dey commission."

Mo wò ó. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà, nítorí Warri ni a wà, àwàdà ni iṣẹ́ ìdajì ìlú yìí. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó gbà á gbọ́. Ó gbà pé ọ̀nà tí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ti bàjẹ́. Ká ní ìkà ni mo bá pàdé lọ́jọ́ yẹn ni, ǹ bá mọ bí màá ṣe gbé e; ìkà mọ ohun tí ó ń ṣe, ènìyàn lè fi í sun Ọlọ́run. Kí ni mo fẹ́ sọ fún Ọlọ́run nípa ẹni tó kọ́ ọ̀nà fún arọ, tó sì tì í pa kí arọ má baà fi ẹsẹ̀ bà á jẹ́? Ó ní kí n bá òun kí Bàbá, kí n sọ fún wọn kí wọ́n ní sùúrù.

Sùúrù dé, ó jókòó. Ìròyìn á jáde pé gómìnà ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á tún géètì kùn, wọ́n á ta kánópì. Ìròyìn mìíràn á jáde pé gómìnà rìnrìn àjò, wọ́n á ká kánópì. Òjò rọ̀, ó dá, ó tún bẹ̀rẹ̀. Omi tí ó máa ń dúró sí ìdajì pápá kò ríbi dúró sí mọ́, ó ń gba ẹ̀yìnkùlé wa wọlé. Koríko hù láàárín bíríkì, ọlọ́dẹ fi ọ̀bẹ ha á kúrò. Aṣọ funfun ojú òkúta di aṣọ aláwọ̀ eérú, wọ́n sì ra tuntun.

Bàbá ní kí a gbìyànjú ojú títì. Mi ò fẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹsẹ̀ náà ti ń le, àwọn ń gbọ́ ọ nínú orúnkún. A jáde láàárọ̀ kí kẹ̀kẹ́ tó pọ̀. Mo di bùbá wọn mú bí ti tẹ́lẹ̀. A kò tíì rìn jìnnà tí kẹ̀kẹ́ kan fi yà fún kòtò, ó sì kọjú sí wa. Mo fa Bàbá sẹ́yìn, àwa méjèèjì ṣubú sínú gọ́tà. Onílé tó wà nítòsí àti ìyàwó rẹ̀ ló fà wá jáde. Egungun kankan kò ṣẹ́, àwọn ènìyàn ní kí a dúpẹ́, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti wọ inú ẹsẹ̀ Bàbá. Tí mo bá ní kí wọ́n dìde, ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n kí ó tó kanlẹ̀. Ìrìn ọ̀dẹ̀dẹ̀ pàápàá di èyí tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nígbà tó yá ó di ìdúró lásán, ìdúró náà sì di ìjókòó. Obìnrin ọsibítù wá wò wọ́n nílé. Ó tẹ ẹsẹ̀ náà, ó gbìyànjú láti na orúnkún, kò nà. Kò bá mi wí. Ó kàn bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó béèrè ibi tí pápá tí a máa ń sọ wà, mo sì fi ògiri hàn án.

Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nígbà tí gbogbo wa ti gbàgbé, ọjọ́ wá pé. Ọ̀gá ètò ìlú fúnra rẹ̀ ló wá sílé wa, pẹ̀lú kóòtù. Bàbá jókòó sórí àga, mo ti fi aṣọ bo itan wọn nítorí òtútù. Kò béèrè ohun tó wà lábẹ́ aṣọ. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ó ní òun kò gbàgbé Bàbá, pé Bàbá ni wọ́n béèrè ọ̀nà náà lọ́jọ́ ìpàdé, nítorí náà àwọn ni wọ́n yóò kọ́kọ́ rìn ín kí tẹlifíṣọ̀n lè rí i. Mo la ẹnu láti lé e jáde. Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, mo sì pa ẹnu dé. Nígbà tó lọ tán, wọ́n ní kí n bá àwọn ra bàtà, nítorí ẹsẹ̀ tó wú kò wọ inú ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń lọ ṣe níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú rí ọ̀nà náà.

Gómìnà kò wá. Igbákejì rẹ̀ kò wá. Ẹnì kan tí ẹnì kan rán ló wá, ó pẹ́ dé, ó sì ń wo aago. Àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí wa ló gbé Bàbá lórí àga láti inú ilé, wọ́n gbé wọn sí ibi tí ọ̀nà ìrìn ti bẹ̀rẹ̀. Bàtà aláwọ̀ dúdú tuntun wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n ká aṣọ kúrò lójú òkúta, orúkọ tí ó wà níbẹ̀ ni ti gómìnà tí kò wá. Ẹni tó ń darí ètò, aláwàdà kan tí gbogbo ìlú mọ̀, wá pariwo pé Bàbá tó béèrè ọ̀nà náà ni yóò kọ́kọ́ rìn ín. Kámẹ́rà yíjú sí wa. Wọ́n gbé máíkì sí Bàbá lẹ́nu.

Bàbá wo ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tó ti yà. Wọ́n wá wí fún mi pé, "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀nà náà dára. Ẹsẹ̀ tí mo fẹ́ fi rìn ín ni wọ́n ti fi dúró de gómìnà."

Mo gba máíkì, mo sọ ọ́ ní Pidgin bó ṣe wà, mi ò yọ ọ̀rọ̀ kan.  Aláwàdà yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní Bàbá ló yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, gbogbo kánópì sì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín, alága rẹ́rìn-ín, ẹni tí wọ́n rán wá rẹ́rìn-ín, ó sì gbàgbé aago rẹ̀. Ọ̀gá ètò ìlú sún mọ́ wa, ó fi ọwọ́ pe ọkùnrin méjì, ó sọ fún oníkámẹ́rà pé kó máa yà wọ́n láti àyà sókè nìkan. Àwọn ọkùnrin náà gbé àga tòun ti Bàbá, wọ́n sì ń gbé wọn lọ lójú ọ̀nà pẹrẹsẹ yẹn bí ẹni gbé ẹrù, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ irin ìdìmú kọjá, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ àga gígùn kọjá. Ẹsẹ̀ méjèèjì ń mì dirodiro. Bàbá kò wo kámẹ́rà, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Èmi ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe.

Nígbà tí a délé, mo bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ wọn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ bí ìgbà tí mo rà á, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lọ́jà ṣì wà níbẹ̀. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i padà, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní kí n gbé e lọ fún lèmọ́mù, kí ó fi fún ẹni tó ń rìn.